Ẹ́ńjìnnì kẹ̀kẹ́ oníná: èwo ni àìsàn rẹ̀ máa rọrùn fún yín láti wò?

Kẹ̀kẹ́ oníná àkọ́kọ́ tí mo ní kú mọ́ mi lábẹ́ lórí òkè, nínú òjò. Iná ojú rẹ̀ ń tàn, bátìrì kún, ṣùgbọ́n bí ẹni ń wa kẹ̀kẹ́ lásán ni. Mo tì í délé. Ẹni tí mo gbé e lọ bá fetí sí ìdí ẹ́ńjìnnì, ó yí táyà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kọ́ìlì, wáyà bàbà tí wọ́n ká sínú ẹ́ńjìnnì, ti jó, kí n lọ ra òmíràn. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń wá owó kiri. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an ni mo gun kẹ̀kẹ́ náà, mo rí i pé ó ti ń ṣiṣẹ́ padà fúnra rẹ̀. Àṣé swíìṣì kékeré kan tó wà nínú ọwọ́ bíréèkì òsì ni omi wọ̀. Swíìṣì yẹn ń sọ fún kẹ̀kẹ́ pé mo ń fa bíréèkì nígbà tí n kò fà á. Bí kẹ̀kẹ́ oníná bá sì ti gbà pé ẹni tó gùn ún ń fa bíréèkì, kò ní fún ẹ́ńjìnnì níná, ẹ ìbáà wa pẹ́dàlì títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irú ẹ́ńjìnnì wo ni kí òun rà, n kì í fi iye wáàtì dáhùn, n kì í sì í fi eré dáhùn. Gbogbo wọn ló ń sáré. Ohun tí mo máa ń bi onítọ̀hún padà ni pé: bó bá kú lọ́jọ́ kan, ta ni yóò jí i? Kò sí èyí tí kì í ṣàìsàn nínú wọn. Àìsàn wọn ni kò jọra. Irú mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra níbí: èyí tó wà nínú họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín táyà, tí kò ní jíà; èyí tó wà nínú họ́ọ̀bù tó ní jíà; àti èyí tó wà ní ìdí pẹ́dàlì.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Ohun mẹ́rin ni. Àkọ́kọ́, kí ló máa ń bàjẹ́ lára ẹ́ńjìnnì yìí, ṣé ó sì máa ń kìlọ̀ kó tó bàjẹ́? Èkejì, ṣé ẹni tó ní mítà kékeré àti sípánà lè mọ ohun tó ń ṣe é nílé, àbí dandan ni kó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é? Ẹ̀kẹta, bó bá bàjẹ́, ṣé ẹ̀yà kékeré kan ni ẹ ó rà ni, àbí odidi ẹ́ńjìnnì? Ẹ̀kẹrin ni ibi tí ẹ ń gùn ún gbà: òkè, ẹrù, òjò, eruku.

Mo mọ̀ pé iye tí wọ́n ń tà á ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń béèrè. Abẹ́ ìbéèrè kẹta ni mo fi tèmi sí, torí pé owó tí a fi ra ẹ́ńjìnnì àti owó tí a fi ń gbé e ró, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Kí ẹ tó dá ẹ́ńjìnnì lẹ́bi

Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Irú ẹ́ńjìnnì yòówù kí ẹ rà, wáyà, swíìṣì, sẹ́ńsọ̀ àti bátìrì ló máa kọ́kọ́ yọ yín lẹ́nu, ẹ́ńjìnnì ni wọn yóò sì dẹ́bi fún. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ká tó fi wọ́n wéra.

Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Èyí tí wọ́n kọ fóòtì 36 sí lára yẹ kó fi 42 hàn lójú mítà bó bá kún. Èyí tí wọ́n kọ 48 sí, 54.6. Bó bá fi iye yìí hàn lórí ìdúró, ṣùgbọ́n tí kẹ̀kẹ́ ń kú lójijì bí ẹ bá dé orí òkè, tó sì ń jí padà bí ẹ bá pa á tí ẹ tún tàn án, bátìrì ló ti ń darúgbó. Fóòtì rẹ̀ ń já wálẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá béèrè iná púpọ̀, ẹ̀ṣọ́ inú bátìrì a sì gé iná kó má baà ba ara rẹ̀ jẹ́. Ẹ́ńjìnnì kò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ wáyà swíìṣì bíréèkì méjèèjì kúrò lójú ìsopọ̀ wọn. Wáyà iná ni mo sọ o, ẹ má fọwọ́ kan bíréèkì fúnra rẹ̀. Ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀, kí ẹ tan kẹ̀kẹ́, kí ẹ yí i wò. Bó bá ṣiṣẹ́, ẹ ti rí ọlọ́ṣà. Ká ní ẹnì kan sọ èyí fún mi lọ́jọ́ tí mo ń ti kẹ̀kẹ́ nínú òjò, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìbá gbà mí.

Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó wo ibi tí wáyà ẹ́ńjìnnì ti pàdé ti kọ́ńtírólà, àpótí tó ń pín iná bátìrì fún ẹ́ńjìnnì. Lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú họ́ọ̀bù, ojú ìsopọ̀ roboto kan ni, wọ́n sì ya ọfà sí i lápá méjèèjì. Ọfà méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjú síra kí ẹ tó tì í wọlé. Pínnì mẹ́sàn-án ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀: mẹ́ta nípọn, mẹ́fà tín-ín-rín. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ fà á ní tààrà, ẹ má fi ọwọ́ lọ́ ọ. Ẹnì kan gbé tirẹ̀ wá fún mi lẹ́yìn tó pààrọ̀ táyà fúnra rẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí inú ojú ìsopọ̀ náà, mo rí pínnì tín-ín-rín kan tó ká kò bí ìwọ̀ ẹja. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni mo fi gbé e dìde. Bí ẹ bá sì rí ohun kan tó ní àwọ̀ ewé lórí pínnì, omi ti ń dé ibẹ̀ tipẹ́.

Ìdánwò kan wà tí kò gba mítà, èmi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹ pa kẹ̀kẹ́, ẹ yọ bátìrì, ẹ gbé táyà sókè, kí ẹ fi ọwọ́ yí i. Bó bá ń ṣe gbígan-gbígan bí ẹni pé nǹkan ń fà á sẹ́yìn, ẹ yọ wáyà ẹ́ńjìnnì kúrò lára kọ́ńtírólà kí ẹ tún un yí. Bó bá ti wá fúyẹ́, kọ́ńtírólà ló ti jó nínú. Bó bá ṣì le bákan náà, wáyà tó nípọn ti fara kan ara wọn nínú okùn tàbí nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yin tí ẹ́ńjìnnì yín ní jíà nínú, ẹ̀yìn ni kí ẹ yí táyà sí, torí bí ẹ bá yí i síwájú, ẹ́ńjìnnì kò ní bá a yí rárá.

Ó ku sẹ́ńsọ̀. Wáyà mẹ́ta tó nípọn ló ń gbé agbára, àwọn tín-ín-rín ló ń gbé ìròyìn. Ẹyọ Hall sensor mẹ́ta ló jókòó sínú ihò tín-ín-rín láàárín irin kọ́ìlì, iṣẹ́ wọn ni láti sọ ibi tí òòfà dé fún kọ́ńtírólà. Bí ọ̀kan bá kú nínú wọn, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, á máa kùn bí ajá tó ń wo àlejò, kò sì ní gbéra àfi bí ẹ bá tì í. Ẹ tan kẹ̀kẹ́, ẹ fi mítà sórí fóòtì, ẹnu dúdú sára wáyà tín-ín-rín dúdú, ẹnu pupa sára pupa: ó yẹ kí ẹ rí nǹkan bíi fóòtì 5. Ẹ wá gbé ẹnu pupa sára wáyà yẹ́lò, lẹ́yìn náà ti ewé, lẹ́yìn náà búlúù, kí ẹ máa fi ọwọ́ yí táyà díẹ̀díẹ̀. Fóòtì gbọ́dọ̀ máa lọ sókè sódò láàárín òdo àti nǹkan bíi 5. Èyí tó bá dúró sójú kan ni ẹ ń wá.

Ẹ́ńjìnnì họ́ọ̀bù aláìníjíà

Eléyìí ni baba wọn. Ọdún 1895 ni Ogden Bolton gba ìwé-ẹ̀rí àṣẹ ní Amẹ́ríkà fún kẹ̀kẹ́ tó ní ẹ́ńjìnnì nínú táyà ẹ̀yìn, láìsí jíà kankan, bátìrì fóòtì 10 tó lè mú áńpù 100 jáde ló sì yàn fún un. Ìlànà náà kò tíì yí padà púpọ̀ àfi pé búrọ́ọ̀ṣì, èédú tó ń fara ha ẹ̀yà tó ń yí láti gbé iná fún un, ti kúrò nínú rẹ̀: kọ́ìlì dúró gbọn-in lórí ọ̀pá àárín, òòfà lẹ̀ mọ́ inú àgbá tó yí i ká, àgbá yẹn náà ni sípóòkì so mọ́. Bí ẹ bá ka ohun tó ń yí tó sì lè jẹ, bẹ́árìn méjì péré ni. Kò ní eyín tó lè ká, kò ní kílọ́ọ̀ṣì tó lè yọ̀. Ìdí nìyí tó fi dákẹ́ bí òkúta, tó sì lè pẹ́ ju kẹ̀kẹ́ tó gbé e lọ.

Àbùkù rẹ̀ ni ooru, àti ìwọ̀n. Ọ̀pọ̀ wọn wọ̀n tó kílò 4 sí 7. Òòfà rẹ̀ sì máa ń fà yín sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹ bá ń wa pẹ́dàlì láìtan iná. Ooru ni kí n dúró lé lórí, torí òun ló ń pa wọ́n.

Ẹ́ńjìnnì yìí àti táyà kò lè ya ara wọn. Bí òkè bá mú kí táyà máa yí díẹ̀díẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà á máa yí díẹ̀díẹ̀, ibẹ̀ ni kò ti ń ṣe dáadáa rárá: iná púpọ̀ ń wọlé, díẹ̀ ló ń di ìrìn, ìyókù ń di ooru. Ooru inú kọ́ìlì kì í sì í bá iná pọ̀ ní dọ́gba. Bí iná bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Bó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ooru á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Kò sí bí a ó ṣe ṣe ebòlò kó má rùn'gbẹ́. Ẹ lè ra èyí tó tóbi, ẹ lè da omi òróró olóòfà tí àwọn kan ń lò sínú rẹ̀ kí ooru lè tètè dé ara àgbá, síbẹ̀ òkè gígùn tí ẹ ń gùn wọ́rọ́wọ́rọ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé ooru ti bà á jẹ́? Imú ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín: òórùn fáníìṣì tó ń jó. Bí ẹ bá ṣí i, kọ́ìlì tó pọ́n bí bàbà tuntun á ti dúdú. Àmì kejì jẹ́ ìyanu fún mi nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Òòfà tó wọ́pọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì yìí kì í fẹ́ kọjá ìwọ̀n ooru 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, kò sì ní padà bó bá tutù. Nígbà náà, bí ẹ bá gbé táyà sókè, á máa sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú yín á dùn. Bí ẹ bá gbé e sílẹ̀, kò ní lè fà yín mọ́. Èyí kò ṣe é tọ́jú, àfi kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Àìsàn kejì jẹ́ ti ọ̀pá àárín. Bí ẹ́ńjìnnì ti ń ti táyà síwájú ni ọ̀pá náà ń fẹ́ yí sẹ́yìn nínú ihò fíréèmù. Irin pẹrẹsẹ lára ọ̀pá ló ń dá a dúró, bí nọ́ọ̀tì bá sì dẹ̀, ọ̀pá á yí gbirigbiri, á lọ́ wáyà tó gba inú rẹ̀ kọjá, á gé e. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é á wá kú nítorí nọ́ọ̀tì. Ẹ fi torque arm sí i, irin gígùn tó ń di ọ̀pá mú mọ́ fíréèmù, pàápàá bí fíréèmù bá jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù tàbí bí ẹ́ńjìnnì bá wà ní táyà iwájú. Bí kẹ̀kẹ́ yín bá ń dá iná padà sí bátìrì nígbà tí ẹ bá ń fa bíréèkì, torque arm méjì ni kí ẹ lò, torí ọ̀pá á máa mì síwá sẹ́yìn.

Ti òjò kò le: ẹ jẹ́ kí wáyà rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó wọ ọ̀pá, kí omi lè kán sílẹ̀ dípò kó tọ wáyà wọlé.

Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Hall sensor kékeré bí èkánná ni, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹni tó mọ irin ìjólẹ́ẹ̀dì lò lè pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́sàn-án kan. Ìṣọ́ra kan ṣoṣo: bí ẹ bá ń yọ kọ́ìlì kúrò nínú àgbá, òòfà á fẹ́ gbà á padà mọ́ yín lọ́wọ́ pẹ̀lú agbára. Ẹ má fi ìka sí àárín.

Ẹ́ńjìnnì họ́ọ̀bù oníjíà

Lójú, ìbejì aláìníjíà ni. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kékeré kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń sáré ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún eré táyà, jíà ike mẹ́ta tó yí i ká ló sì ń dín eré yẹn kù di agbára. Kílọ́ọ̀ṣì kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú tó ń jẹ́ kí táyà yí lọ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá pa iná. Ó fúyẹ́, ọ̀pọ̀ wọn kò ju kílò 2 sí 4 lọ, ó tètè ń gbéra, kì í sì í fà yín sẹ́yìn. Àwọn yìí ló pọ̀ jù lára kẹ̀kẹ́ oníná tí owó rẹ̀ kò ga.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé ó ń sọ̀rọ̀. Ohùn hùnùnùn tí kò dáwọ́ dúró, ìlera ni. Bí ohùn náà bá wá di gìrì-gìrì, gírísì ti gbẹ tàbí bẹ́árìn ti ń jẹ. Bí ẹ bá ń gbọ́ tó-tó-tó tó ń bá eré táyà lọ, eyín kan ti ká. Bí ẹ bá fún un níná tí ẹ́ńjìnnì kígbe fííí nínú, tí táyà kò sì mira, jíà ti fá tán tàbí kílọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀. Láti ìta, ẹ kò lè mọ èwo nínú méjèèjì, ẹ ó ṣí i.

Ẹ má bẹ̀rù ṣíṣí i. Sukurúù bíi mẹ́fà ló di ìdérí rẹ̀ mú. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣí, gírísì funfun inú rẹ̀ ti di eérú, ó lẹ̀ mọ́ ògiri àgbá níbi tí kò ti wúlò fún ẹnikẹ́ni, jíà sì jókòó láàárín láìní nǹkan lára. Méjì pé eyín. Ìkẹta dà bí kóòmù tí ọmọdé ti fi ṣeré: eyín márùn-ún ti lọ lápá kan, mo bá wọn nísàlẹ̀ nínú gírísì bí ìyẹ̀fun yẹ́lò. Mo nù ún, mo pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo fi gírísì tuntun pa eyín wọn, wákàtí kan àti díẹ̀ ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ máa pààrọ̀ pọ̀, torí jíà tuntun kan láàárín àwọn tó ti jẹ ni ẹrù gbogbo yóò já lé lórí. Kí ẹ tó rà á, ẹ ka eyín rẹ̀, ẹ wọn ìbú àti nínípọn rẹ̀, torí jíà tó jọra lójú lè má bá ara wọn mu.

Kí ló ń ká eyín? Ìwà ẹni tó gùn ún ni. Kẹ̀kẹ́ dúró pátápátá, ẹ gbé ẹrù sẹ́yìn, ẹ sì yí àfọwọ́yí tó ń fún ẹ́ńjìnnì níná dópin lẹ́ẹ̀kan náà: gbogbo agbára yẹn ń kan eyín ike bí òòlù. Ẹ fi ẹsẹ̀ gbé e kúrò nílẹ̀ ná, kí ẹ tó fún un níná. Èkejì ni àwọn tó ń fi kọ́ńtírólà tó tóbi sí i kí kẹ̀kẹ́ lè le. Mo máa ń gbọ́ pé kí a fi jíà irin dípò ti ike. Èmi kò fara mọ́ ọn. Á pariwo bí ọlọ, agbára tí kò ká eyín mọ́ á sì lọ wá kílọ́ọ̀ṣì tàbí kọ́ìlì, tí owó wọn ju ti jíà lọ. Kó jẹ́ jíà ló kú, ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ̀tàn kan wà nínú ọ̀rọ̀ ooru rẹ̀. Kọ́ìlì wà nínú àpò tirẹ̀, àpò yẹn sì wà nínú àgbá, afẹ́fẹ́ wà láàárín wọn. Ẹ lè fọwọ́ kan họ́ọ̀bù kó tutù bí omi àmù, kí inú rẹ̀ sì máa jó. Nítorí náà, kò tó kí ẹ fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá gun òkè gígùn, ẹ bá a wa pẹ́dàlì, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi lórí òkè kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kì í dá iná padà sí bátìrì, nítorí kílọ́ọ̀ṣì. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé tirẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ bi í bóyá kì í ṣe aláìníjíà ló rà.

Ẹ́ńjìnnì ìdí pẹ́dàlì

Èyí náà kì í ṣe ọmọ àná. Hosea Libbey ti gba ìwé-ẹ̀rí àṣẹ fún kẹ̀kẹ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní ìdí pẹ́dàlì ní 1897, àmọ́ ọdún 1993 ni Yamaha ti Japan tó gbé PAS jáde sọ́jà, kẹ̀kẹ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń wọn agbára ẹsẹ̀ kó tó fi tirẹ̀ kún un. Lónìí, òun ló wà lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ olówó ńlá ní Yúróòpù, níbi tí òfin ti fi wáàtì 250 àti eré kìlómítà 25 láàárín wákàtí kan ṣe òpin fún kẹ̀kẹ́ tí wọn kò ní ka sí alùpùpù.

Ìdí tó fi ń pa òkè jẹ ni pé ṣéènì àti jíà kẹ̀kẹ́ náà ló ń lò. Ẹ yí i sí jíà kékeré, táyà á máa rọra lọ, ẹ́ńjìnnì á ṣì máa yí ní eré tó bá a lára mu. Ooru tó ń pa aláìníjíà kì í sábà rí i mú, bí ẹni tó gùn ún bá mọ jíà yí. Ẹni tó ń fi jíà tó wúwo jù gun òkè ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sun ún.

Ṣùgbọ́n gbogbo agbára yẹn, orí ṣéènì ló ń gbà kọjá. Ṣéènì àti jíà ẹ̀yìn á jẹ kíá ju ti kẹ̀kẹ́ lásán lọ, ìnáwó tí kò ní tán ni. Ẹ ra irin ìwọn-ṣéènì. Fún kẹ̀kẹ́ oníjíà 11 tàbí 12, bó bá ti wọ ojú 0.5, ẹ pààrọ̀ ṣéènì. Fún àwọn tí jíà wọn kéré síyẹn, 0.75. Ẹni tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ á pààrọ̀ ṣéènì àti jíà pọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ yí jíà, ẹ dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀; ariwo gbàgà tí ẹ ń gbọ́ bí ẹ bá yí i lórí iná, ṣéènì ló ń sunkún.

Nípa àyẹ̀wò, ibí ni ọ̀nà ti yà. Bí ẹ́ńjìnnì yìí bá kú, nọ́ńbà kan á hàn lójú kẹ̀kẹ́, ìwé tó bá kẹ̀kẹ́ wá ló máa sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kí àyà yín má já. Ọ̀kan nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti sẹ́ńsọ̀ eré: òòfà kékeré kan wà lára sípóòkì ẹ̀yìn, bó bá yí kúrò lójú sẹ́ńsọ̀, àní kó jẹ́ mìlímítà díẹ̀ péré, ẹ́ńjìnnì á kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé tirẹ̀ lọ sílé àtúnṣe, ó dúró lórí ìlà fún ọjọ́ mẹ́rin, ìka ni wọ́n fi yí òòfà náà padà. Ariwo kàlà-kàlà tí àwọn kan ń ṣe lórí ọ̀nà gbágungbàgun nígbà tí ẹ kò bá wa pẹ́dàlì kì í ṣe àìsàn pẹ̀lú; kílọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ ló ń mì. Èyí tó yẹ kó kó yín lọ́kàn ni pẹ́dàlì tó ń mì sọ́tùn-ún sósì bí ẹ bá fi ọwọ́ tì í, tàbí ohùn bí iyanrìn nínú agolo: bẹ́árìn ni, omi ló sì sábà máa ń fà á. Ẹ má fi ẹ̀rọ ìfọmọ́tò olómi líle fọ ìdí rẹ̀ láé.

Bó bá wá kọjá ìyẹn ńkọ́? Sẹ́ńsọ̀ agbára ẹsẹ̀, kọ́ńtírólà, jíà, gbogbo wọn wà nínú àpótí kan náà. Kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ló máa ń bá a sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í sì í ta ẹ̀yà inú rẹ̀. Odidi ni wọ́n ń pààrọ̀. Nígbà tí wáráǹtì bá wà, ìgbádùn ni: wọ́n á yọ ti àná, wọ́n á fi tuntun sí i. Lẹ́yìn wáráǹtì, ẹ mú ọkàn le. Àwọn tí à ń rà lọ́tọ̀ tí a sì ń dè mọ́ kẹ̀kẹ́ lásán yàtọ̀ díẹ̀, wọ́n ṣe é ṣí, ẹ̀yà wọn sì ń tà lọ́tọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ìdí pẹ́dàlì tí ẹ sì fẹ́ máa tún un ṣe fúnra yín, irú ìyẹn ni kí ẹ wá.

Ti ẹ́ńjìnnì olóyípo tó ń fi ara ha táyà láti yí i, kí n má fi í sílẹ̀: ó pọ́ọ́kú, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹ fi ń dè é, ó ń yọ̀ nínú òjò, ó sì ń jẹ táyà. Ẹni tó fẹ́ fi tọ́ ọ wò lásán ni mo lè gbà níyànjú.

Ta ni kó mú èwo?

Ọ̀nà yín tẹ́jú, ẹ ń rìn jìnnà lójoojúmọ́, ẹ kò sì fẹ́ máa ṣí nǹkan: aláìníjíà. Ẹ fi torque arm sí i, ẹ máa yẹ nọ́ọ̀tì rẹ̀ wò lóṣooṣù, ẹ lè gbàgbé pé ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé e gun àtẹ̀gùn ilé, kílò rẹ̀ á yọ yín lẹ́nu.

Ìlú tí ìdúró-ìrìn pọ̀ sí, òkè kéékèèké, owó tí kò pọ̀, ọwọ́ tí kò bẹ̀rù gírísì: oníjíà. Òun lèmi ń gùn, jíà mẹ́ta sì wà nínú dúróà mi tí mo ti rà sílẹ̀.

Òkè gidi, ẹrù, tàbí orúnkún tó ń dunni: ìdí pẹ́dàlì, láìsí àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àdéhùn kan. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mọ ilé àtúnṣe tó ní kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà, tí ẹ lè ti kẹ̀kẹ́ dé. Bí kò bá sí, ẹ padà sọ́dọ̀ oníjíà kí ẹ sì máa bá a wa pẹ́dàlì.

Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù ni mo fẹ́ bẹ̀ jù. Ẹ gùn ún lórí òkè, kì í ṣe ní iwájú ilé ẹni tó ń tà á. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbọ́ òórùn họ́ọ̀bù. Ẹ wo ihò tí ọ̀pá àárín wọ̀ lára fíréèmù: bó bá ti fẹ̀ tàbí tó ní àpá ìyípo, ọ̀pá yẹn ti yí rí, wáyà inú rẹ̀ sì ti rí nǹkan. Bó bá jẹ́ ti ìdí pẹ́dàlì, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi kìlómítà tó ti rìn hàn yín lójú rẹ̀. Bó bá ní kò ṣe é wò, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ máa lọ.